Sienna 2001 wa ń dún wùùùù bó bá ti ń sáré, mẹkáníìkì ní gíà ni, ẹ bá mi dá sí i kí n tó sanwó

IyaIbeji_Apata

Ẹ kú ojúmọ́ gbogbo ilé. Kíkà ni mo máa ń kà níbí, mi ò kì í kọ nǹkan kan, àmọ́ ọ̀rọ̀ yìí ti gba oorun lójú mi láti bí ọ̀sẹ̀ méjì, mo ní kí n gbé e wá bá àwọn tó mọ̀ jù mí lọ.

Mọ́tò wa ni Toyota Sienna 2001, V6 3.0 yẹn. Tokunbo la rà á ní 2014, òun la sì ń lò láti ìgbà náà. Òun ló gbé mi dé ọsibítù lóru ọjọ́ tí mo bí àwọn ìbejì, òun náà ló gbé wa padà sílé, òun ló ń gbé wọn lọ síléèwé báyìí láti Àpáta dé Challenge, òun la fi ń lọ wo màmá mi ní Ògbómọ̀ṣọ́ lóṣooṣù. Mo ń sọ èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe mọ́tò tí ẹnikẹ́ni á kàn ní kí n tà kí n fi ra òmíràn, mi ò lówó òmíràn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀.

Ohun tó ń ṣe é nìyí. Tí a bá ń lọ jẹ́jẹ́ nígboro, kò sí nǹkan kan. Tí géèjì bá ti ń sún mọ́ 50, ẹ ó kọ́kọ́ máa gbọ́ ọ lókèèrè bí ìgbà tí oyin wà nínú akèrègbè, tó bá fi máa dé 70 ó ti di wùùùùù, tó bá kan 90 èmi àti ẹni tó jókòó tì mí ò lè gbọ́ra wa àyàfi ká pariwo, ilẹ̀ mọ́tò á tún máa gbọ̀n rìrì lábẹ́ ẹsẹ̀ mi. Tí mo bá gbẹ́sẹ̀ kúrò lórí iná kì í dákẹ́ lójú ẹsẹ̀, ńṣe ló máa ń rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀ bí mọ́tò náà ṣe ń rọlẹ̀. Apá ọ̀tún níwájú lèmi ti ń gbọ́ ọ. Àbúrò mi obìnrin tó máa ń jókòó síwájú náà ní abẹ́ ẹsẹ̀ òun gan-an ló wà.

Ní oṣù 3 sẹ́yìn mẹkáníìkì wa ní bẹ́ríìnì ni, ìyẹn irin tí táyà ń yí lé, wọ́n pààrọ̀ bẹ́ríìnì iwájú lápá ọ̀tún, mo sanwó, ó dà bíi pé ariwo yẹn dín kù tàbí bóyá ọkàn mi ló fẹ́ kó dín kù, kò pé ọ̀sẹ̀ kan mo tún ń gbọ́ ọ bó ṣe wà tẹ́lẹ̀. Mo padà lọ, wọ́n wà á yí àdúgbò po lẹ́ẹ̀kan péré, wọ́n ní "Màmá, gíà yín ló ń kú lọ yẹn o," ₦450,000 fún gíà Belgium, owó iṣẹ́ lọ́tọ̀. Bẹ́ẹ̀ gíà yẹn ń wọlé dáadáa, kì í fà, kì í já, tí mo bá jù ú sí D lójú ẹsẹ̀ ló ń gbà.

Ohun tó ń já mi láyà jù ni pé ẹ̀yìn làwọn ọmọ máa ń wà. Tó bá jẹ́ nǹkan tó lè tú sílẹ̀ lójú títì ńkọ́? Mi ò sì ní ₦450,000 tí mo máa fi dán nǹkan wò.

Nǹkan kan tún wà, bóyá kò kan èyí: tí a bá gba orí ihò kékeré jẹ́jẹ́, ó máa ń dún kọ́kọ́kọ́ níwájú. Wọ́n ní ìyẹn kì í pààyàn. Ẹ ṣeun, mò ń retí yín.

AlaSienna_Osogbo

Màmá ìbejì, ẹ kú ìfaradà. Kí ẹ tó gba ọ̀rọ̀ gíà gbọ́, ẹ fa stick gíà yẹn, irin tí wọ́n fi ń wọn ọ́ìlì gíà, yọ wò. Sienna ayé ìgbà yẹn ní stick gíà lọ́tọ̀, stick ọ́ìlì ẹ́ńjìnì lọ́tọ̀. Mọ́tò á ti gbóná, á wà lórí iná, gíà á wà ní P, ẹ fi aṣọ funfun nù ún. Tó bá pupa tó sì mọ́, ara gíà yín ṣì dá. Tó bá dúdú tó ń rùn bí nǹkan tó jóná, a jẹ́ pé ọ̀rọ̀ wà níbẹ̀. Tèmi ní 2019, gíà náà ni wọ́n pè é, engine seat, rọ́bà tí ẹ́ńjìnì jókòó lé, ló já, mi ò sì lè gbàgbé iye tí mo ti fẹ́ lọ yá.

BodaJack

Ẹ káàsán mà. Ọdún 17 ni mo fi ṣe mẹkáníìkì l'Abẹ́òkúta kí ẹ̀yìn tó dá mi dúró, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n bá yín fẹsọ̀ tú u.

Bí ẹ ṣe kọ ọ́ yẹn ti ràn wá lọ́wọ́ gan-an. Ọ̀pọ̀ èèyàn á gbé mọ́tò dé, wọ́n á ní "ó ń dún", ó tán, wọ́n á lọ jókòó sábẹ́ igi. Ariwo mọ́tò ní èdè tiẹ̀, tí ẹ bá ti lè fẹnu ṣe é gẹ́lẹ́ bó ṣe ń dún, tí ẹ sì mọ ìgbà tó ń bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tó ń dákẹ́, iṣẹ́ ti dé ìdajì. Tó bá ń dún kàkàkàkà nígbà tí ẹ bá kọ́ sitiárìn dé òpin, CV joint ni, oríkèé irin tó ń yí táyà iwájú, ẹ wo inú rímù, ẹ máa rí gírísì tó ta sí i nítorí rọ́bà tó bò ó ti ya. Tó bá ń han bí ẹni fi ìṣó ya páànù, ẹ wo pad bíréèkì. Ṣẹ̀kẹ̀ṣẹ̀kẹ̀ lábẹ́ nígbà tí mọ́tò dúró sójú kan lórí iná, páànù tó bo sálẹ́ńsà ló tú. Fíììn láàárọ̀ tí ẹ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣíná, fan belt ni, ẹ wọ́n omi díẹ̀ sí i, tó bá dákẹ́ fúngbà díẹ̀ òun náà ni. Gbọ̀ọ́ nígbà tí ẹ bá ti P bọ́ sí D, engine seat bíi ti ẹ̀gbọ́n tó sọ̀rọ̀ ṣáájú mi.

Ti yín tó ń bá eré mọ́tò gòkè tó tún ń bá a sọ̀ kalẹ̀, tí kò bìkítà bóyá ẹ tẹná tàbí ẹ ò tẹná, ohun tó ń bá táyà yí nìyẹn. Mi ò ní irọ́ ni mẹkáníìkì yín ń pa o. Díífù, tó ń pín agbára fún táyà méjèèjì, wà nínú gíà Sienna, tí táyà bá ń yí òun náà ń yí, ó sì lè hu irú ohùn yẹn. Àmọ́ orí bíbẹ́ kọ́ loògùn orí fífọ́. Àwọn nǹkan wà tí kì í náni ní kọ́bọ̀ tí ó yẹ kó ṣáájú gíà títú.

Ẹ wá ọ̀nà tó gùn tó sì dá, àárọ̀ Sọ́ńdè dáa, kí àwọn ọmọ má sí nínú rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn wà á kí ẹ lè fetí sílẹ̀. Ẹ sá a dé 70, kó wá jù ú sí N, níbi tí ẹ́ńjìnì ò ti fa táyà mọ́, fún ìwọ̀nba ìṣẹ́jú àáyá 5, kó dá a padà sí D. Ẹ MÁ PANÁ O. Ẹ gbọ́ mi dáadáa, ẹ má pa á, tí iná bá kú lórí eré, sitiárìn á le, bíréèkì náà á le, mo ti rí ibi tí ìyẹn gbé ẹnìkan dé. Tó bá wà ní N tí ohùn ẹ́ńjìnì ti rọlẹ̀ tí wùùù yẹn ò yí padà, ẹ́ńjìnì ti bọ́ nínú ẹjọ́.

Ẹ̀ẹ̀kejì, lórí eré yẹn náà, kó rọra yà díẹ̀ sí òsì, kó tún rọra yà díẹ̀ sí ọ̀tún, bí ẹni tó ń yẹ̀ fún ihò, kì í ṣe bí ẹni tó ń sá fún ẹran o. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀: apá wo ló yà sí tí ariwo fi pọ̀ sí i, apá wo ló yà sí tó fi dín kù. Ẹ má ro ó sí ọ̀tún-òsì bẹ́ríìnì kankan, ohun tí etí yín gbọ́ ni kí ẹ kọ.

Ẹ padà wá sọ fún wa kí ẹ tó kan jáàkì. Mo fẹ́ bi yín léèrè pẹ̀lú: ǹjẹ́ mọ́tò yìí ti wọ omi rí? Mi ò sọ òjò lásán, mo ní omi tó mu táyà.

TayaLese

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì ti gbogbo rẹ̀ sọ́rùn bẹ́ríìnì. Fókanáísà ni mí n'Íléṣà, àìmọye èèyàn ló ti gbé mọ́tò dé ọ̀dọ̀ mi lẹ́yìn tí wọ́n ti ra bẹ́ríìnì méjì tó sì jẹ́ táyà ló ń dún látọjọ́ yìí. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ ra ojú táyà kọ̀ọ̀kan láti iwájú lọ sẹ́yìn, kí ẹ tún ra á padà. Tó bá ń yọ̀ lọ́nà kan tó wá ń gé yín lọ́wọ́ bí eyín ayùn lọ́nà kejì, tàbí tó ní gelemọ gelemọ bí ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́ tí ẹ ń gbà yẹn, táyà yẹn á máa dún dandan. Ohùn tiẹ̀ kì í sábà jẹ́ wùùù tó gùn gbọọrọ, wọ̀wọ̀wọ̀wọ̀ ni, ó sì máa ń yí padà bí ojú ọ̀nà bá yí padà. Tí ẹ bá kúrò lórí ọ̀dà tó ń dán tí ẹ bọ́ sórí èyí tó rí gáungàun tí ohùn ò yí padà, táyà kọ́.

Ọ̀nà tó dájú jù ni pé kí ẹ gbé ti iwájú sẹ́yìn kí ẹ gbé ti ẹ̀yìn síwájú. Tí ariwo bá bá táyà lọ sẹ́yìn, ẹ ti mú un.

Bí ẹ bá ti dé ìdí rẹ̀, ẹ wo ibi tí wọ́n kọ DOT sí, nọ́ńbà 4 tó gbẹ̀yìn. 2316 túmọ̀ sí ọ̀sẹ̀ 23 ọdún 2016. Táyà tokunbo tó ti lo ọdún 9 tàbí 10, bó ti wù kí eyín rẹ̀ ṣì ga tó, rọ́bà rẹ̀ ti gbẹ. Ẹ má fi gbé ọmọ rìn ọ̀nà jíjìn, mo bẹ̀ yín.

IyaIbeji_Apata

Ẹ kú iṣẹ́ o, Ọlọ́run á bá mi san án fún yín. A ti ṣe é láàárọ̀ yìí. Bàbá ìbejì ló wà á, èmi jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ tèmi ti ìwé àti bíírò, a fi àwọn ọmọ ti aládùúgbò wa, aago mẹ́fà ààbọ̀ la ti kọjá Mọ́níyà, ọ̀nà ṣì dá.

Stick gíà pupa, ó mọ́, kò rùn rárá.

75 la wà nígbà tó jù ú sí N. Ẹ́ńjìnì rọlẹ̀ kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, wùùùù yẹn ò mira. Ó kàn ń bá mọ́tò rọlẹ̀ ni. Ọkọ mi wò mí, èmi náà wò ó, kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, torí ọ̀sẹ̀ tó kọjá yìí ló ti sọ pé òun máa lọ gba àjọ òun ṣáájú ọjọ́ rẹ̀ fún owó gíà yẹn.

Ojú ọ̀nà tó dán, ojú ọ̀nà tí kò dán, ohùn kan náà. Mo fọwọ́ ra táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, méjì ẹ̀yìn ń gé mi lọ́wọ́ díẹ̀, ti iwájú ò ṣe nǹkan kan. DOT ti iwájú 4121, ti ẹ̀yìn kan 0815. Mo ti gbọ́ ohun tí ẹ sọ lórí ìyẹn, a máa yọ ọ́ tówó bá ti yọjú.

Èyí tó wá rú mi lójú ni yíyà yẹn. Tó bá rọra yà sí òsì, ariwo á fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́, bí ìgbà tí ẹnìkan fọwọ́ bo ẹnu agogo. Tó bá yà sí ọ̀tún, á gbéra sókè. Ìgbà mẹ́fà la ṣe é, bákan náà ló ń rí. Tó bá jẹ́ bẹ́ríìnì ni, ọ̀tún ló ń pariwo, ọ̀tún yẹn náà la sì ti pààrọ̀. Ṣé ayédèrú ni wọ́n tà fún wa ni?

Bọ̀dá Jack, ẹ béèrè omi. Bẹ́ẹ̀ ni o. Nígbà òjò ọdún tó kọjá, àgbàrá ká wa mọ́ lójú ọ̀nà, omi dé etí ilẹ̀kùn, a jókòó nínú rẹ̀ bí ìṣẹ́jú 40 kó tó fà. Báwo lẹ ṣe mọ̀?

BodaJack

Omi àti ihò ló ń pa bẹ́ríìnì jù nílẹ̀ wa mà, ìdí tí mo fi béèrè nìyẹn. Bẹ́ríìnì tó gbóná lórí eré tó wá bọ́ sínú omi tútù, omi á wá ọ̀nà wọ ìdí rọ́bà rẹ̀, gírísì á bàjẹ́, irin á bẹ̀rẹ̀ sí í dógùn-ún láti inú. Kì í dún lọ́jọ́ náà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà ló máa ń fọhùn.

Ẹ má ra bẹ́ríìnì ọ̀tún mọ́. ÒSÌ NI.

Ẹ wò ó báyìí. Tí èèyàn bá ru igbá omi tó kún tó wá ṣẹ́rí sí ọ̀tún lójijì, apá wo lomi máa dà sí? Òsì ni. Mọ́tò náà nìyẹn. Tí ẹ bá yà sí ọ̀tún, gbogbo ẹrù ara rẹ̀ á rọ́ lọ sórí ẹsẹ̀ òsì, bẹ́ríìnì òsì tí ara rẹ̀ ò yá á wá pariwo nítorí ẹrù pọ̀ lórí rẹ̀. Tí ẹ bá yà sí òsì, ẹrù kúrò lórí rẹ̀, ó sinmi, ó dákẹ́. Ohun tí ẹ kọ sílẹ̀ gẹ́lẹ́ nìyẹn.

Pé ẹ̀yin àti àbúrò yín ń gbọ́ ọ lápá ọ̀tún, ẹ má dá ara yín lẹ́bi. Ara mọ́tò irin ni, irin a máa gbé ohùn rìn, ó lè bẹ̀rẹ̀ lápá kan kó yọ lápá kejì. Mẹkáníìkì yín náà fetí gbọ́ ọ, kò yà á wò. Èmi pàápàá ti tú ọ̀tún rí tí òsì ń dún, ní 2011, mọ́tò oníbàárà, àpò ara mi ni mo ti dá owó bẹ́ríìnì yẹn padà.

Kí ẹ tó ra ohunkóhun, ó ku jáàkì. Ilẹ̀ tó tẹ́jú, handbrake ní gbígbé, ẹ fi òkúta ńlá dí táyà ẹ̀yìn méjèèjì níwájú àti lẹ́yìn, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọ abẹ́ rẹ̀. Ẹ gbé iwájú òsì, gíà á wà ní N, kí ọkọ yín fi ọwọ́ kan di sípíríìnì ṣọ́kì mú, kó fi ọwọ́ kejì yí táyà. Etí lè tanni, ọwọ́ kì í sábà tanni níbẹ̀ yẹn. Ẹ ṣe ọ̀tún bákan náà kí ẹ lè fi wéra. Ẹ tún di táyà mú lókè àti nísàlẹ̀ kí ẹ mì ín, tó bá ń yẹ̀ gbọ̀ngbọ̀n, ẹ má wà á lọ ibi kankan mọ́ kí wọ́n tó ṣe é.

Ohun tí mo fẹ́ kí ẹ dì mú ṣinṣin ni èyí. Bẹ́ríìnì Sienna yẹn, inú irin ẹsẹ̀ ni wọ́n ń fún un sí, kì í ṣe èyí tí wọ́n ń fi bóòtì mẹ́rin dì. Ẹ̀rọ press ló ń fún un wọlé. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi òòlù gbá a, bó ti wù kó ní òun mọ̀ ọ́n gbá tó. Gbogbo òòlù tó bá bà á lára ń lọ sára àwọn bọ́ọ̀lù irin inú rẹ̀, á fi ojú àpá sílẹ̀ sí ọ̀nà tí wọ́n ń gbà, bẹ́ríìnì tuntun á ti di ògbólógbòó kó tó kúrò ní wọ́kí-ṣọ́ọ̀bù. Kí wọ́n pààrọ̀ oil seal, rọ́bà tó ń dí ìdí rẹ̀, pẹ̀lú, kí wọ́n di nọ́ọ̀tì àárín yẹn dáadáa kí wọ́n sì fi cotter pin tuntun, irin kékeré tí kì í jẹ́ kí nọ́ọ̀tì tú, sí i. Tí ẹ bá dé Àràrọ̀mí ní Gate, ọjà ẹ̀yà mọ́tò n'Ìbàdàn yẹn, ẹ béèrè bẹ́ríìnì Koyo tàbí NSK, ẹ fara balẹ̀ wo páálí àti ìkọ̀wé ara irin, ayédèrú pọ̀, ẹ lọ pẹ̀lú ẹni tó mọ ojú rẹ̀.

OmoEgba_Manchester

Ẹ kú làákàyè o, mo ka gbogbo rẹ̀ tán lórí bọ́ọ̀sì. Níbí tí mo wà ní Manchester, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, mọ́tò tó bá ti pé ọdún 3 gbọ́dọ̀ máa ṣe MOT, àyẹ̀wò tí òfin ní kó ṣe, lọ́dọọdún, wọ́n á gbé e sókè wọ́n á mi táyà wò, bẹ́ríìnì wà lára ohun tí wọ́n ń yẹ̀ wò. Bẹ́ẹ̀ náà ni tèmi ṣe jáde, ti ẹ̀yìn lọ́dọ̀ tèmi, àwọn ọmọ tó máa ń jókòó lẹ́yìn ló kọ́kọ́ ń sọ fún mi pé "Daddy, baálù ń kọjá". Oṣù méjì ni wọ́n fi ń sọ ọ́ kí n tó lọ jókòó sẹ́yìn fúnra mi. Màmá ìbejì, ẹ jókòó sí gbogbo àga mọ́tò yẹn lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì fi fóònù gba ohùn rẹ̀ sílẹ̀, torí ọjọ́ tí ẹ bá gbé e dé iwájú mẹkáníìkì ló máa ń dákẹ́.

TayaLese

Bọ̀dá Jack, mo gbà fún yín lórí èyí. Òsì ni. Táyà 0815 yẹn ṣì jẹ́ ọ̀rọ̀ o.

IyaIbeji_Apata

Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe lọ fún yín látòkèdélẹ̀.

Lọ́jọ́ Ajé, bàbá ìbejì gbé e sórí jáàkì níwájú ilé, òkúta mẹ́rin lẹ́yìn, èmi ni mo dúró ti àwọn ọmọ kí wọ́n má bàa sún mọ́ ọn. Ọ̀tún la kọ́kọ́ ṣe. Ó di sípíríìnì mú ó yí táyà, ó ní òun ò gbọ́ nǹkan kan, ó ń yí bí ohun tó wà nínú òróró. A gbé òsì. Bó ṣe yí i báyìí ó yọwọ́ wéré, ó ní kí n wá fọwọ́ kàn án. Ẹ̀yin èèyàn mi, ṣé ẹ ti fọwọ́ lé ìdí ọlọ rí nígbà tí wọ́n ń lọ ata gbígbẹ lórí rẹ̀? Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́. Kò sí ariwo létí rárá, ọwọ́ mi ló ń gbọ́ ọ. Mo dúró síbẹ̀ mo ń rò ó pé láti ìgbà tí mo ti ń gbọ́ wùùù yìí, orí nǹkan yẹn làwọn ọmọ mi ń gùn lọ síléèwé.

A ò wà á mọ́ lọ́jọ́ náà. Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, ọmọ ìyá ọkọ mi kan tó ń ta ẹ̀yà mọ́tò tẹ̀lé wa dé Àràrọ̀mí, òun ló yan bẹ́ríìnì, ó kọ méjì sílẹ̀ kó tó mú ẹ̀kẹta. Pẹ̀lú oil seal, cotter pin àti owó press, gbogbo ẹ̀ ò dé ₦60,000. Ọkùnrin oníṣẹ́ press yẹn ò jẹ́ ká dúró tì í nítorí ìjàǹbá, àmọ́ nígbà tó fún èyí àtijọ́ jáde, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Gírísì inú rẹ̀ ti di ẹrẹ̀ pupa. Ojú ibi tí àwọn bọ́ọ̀lù irin yẹn ń gbà ti jẹ lọ́tùn-ún lósì, kéékèèké kéékèèké, bí ojú ẹni tí ṣọ̀pọ̀nná bá jà. Mo fi ìka ra á, ó ń ha mí lọ́wọ́.

Nígbà tí a ń padà bọ̀, a gba ìta kọjá kí a lè sáré dé 90. Mọ́tò dákẹ́. Mo gbọ́ ìró atẹ́gùn lójú fèrèsé tí mi ò ti gbọ́ láti bí ọdún kan. Bàbá ìbejì tan rédíò, ó tún pa á, ó ní òun fẹ́ gbọ́ bó ṣe dákẹ́.

Mo mú bẹ́ríìnì àtijọ́ yẹn lọ bá mẹkáníìkì wa. Mi ò bá a jà, láti 2014 ló ti ń bá wa tún mọ́tò yìí ṣe, ó ti fi wákàtí òru wá gbé wa lójú ọ̀nà rí. Ó yí i lọ́wọ́, ó gbé e sétí, ó ní "Òsì?" Mo ní òsì ni, mo sì ṣàlàyé ti N àti ti yíyà fún un. Ó ní kí n tún ti yíyà yẹn sọ. Ó pe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, ó ní kí n tún un sọ lẹ́ẹ̀kẹta kí ọmọ náà gbọ́. Kò gba owó lọ́wọ́ mi fún ọ́ìlì tó bá wa pààrọ̀ lọ́jọ́ yẹn.

Ní báyìí tí wùùù ti lọ, kọ́kọ́kọ́ yẹn ló kù, ó sì wá ń dún ketekete létí mi. Bọ̀dá Jack, ẹ ò sọ nǹkan kan lórí rẹ̀.

BodaJack

Inú mi dùn dé ìsàlẹ̀ ọkàn mà. Ẹ kí ọkọ yín fún mi.

Kọ́kọ́kọ́ lórí ihò kékeré, linkage, irin tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó so mọ́ ẹsẹ̀ mọ́tò, ni mo kọ́kọ́ fura sí, kò wọ́n, kò sì le ṣe. Tó bá jẹ́ òun, tí táyà kan ṣoṣo bá gun ihò ló máa dún jù, tí táyà méjèèjì bá jọ gun bọ́m̀pù pọ̀ á fẹ́rẹ̀ẹ́ má dún. Àmọ́ ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi linkage bo ball joint, oríkèé tó so ẹsẹ̀ táyà mọ́ lower arm (irin ìsàlẹ̀ tó gbé e dúró), mọ́lẹ̀. Linkage kì í pààyàn, ball joint ni ẹsẹ̀ mọ́tò fi ń yọ. Kí wọ́n gbé e sókè, kí wọ́n fi irin gígùn tẹ lower arm wò ní ẹ̀gbẹ́ ball joint, tó bá ń ṣeré lókè-nísàlẹ̀ pẹ́nrẹ́n, ẹ pààrọ̀ rẹ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ má dúró de owó oṣù.

IyaIbeji_Apata

Mo ti ka ọ̀rọ̀ yín sókè fún un. Ó ti ń kó àwọn òkúta yẹn padà síta, ó ní kí n wá bá òun di iná mú.